Ẹ má gbàgbé ẹni tó ń fọ aṣọ oko

Mo ka ìròyìn kan tó ní kí obìnrin wà níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin kẹ́míkà àti pàǹtírí, inú mi sì dùn sí i. Májẹ̀mú Minamata, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 2013 lórí mẹ́kúrì, irin olómi tó ní májèlé, dárúkọ obìnrin àti ọmọdé mọ́ àwọn tó tètè ń fara gba ewu rẹ̀, torí mẹ́kúrì inú ẹja ń gba ibi ọmọ kọjá lọ ba ọpọlọ ọmọ inú oyún jẹ́. Èyí tó ká mi lára jù ni ti aṣọ. Ọkọ á fín oògùn apakòkòrò lóko, ìyàwó á fi ọwọ́ lásán fọ aṣọ náà, bóyá pẹ̀lú oyún nínú, síbẹ̀ wọn kì í kà á mọ́ àwọn tí kẹ́míkà ń kàn lára. Ìbọ̀wọ́ ààbò pàápàá, ọwọ́ ọkùnrin ni wọ́n sábà fi ń wọn ọ́n.