Ọ̀rọ̀ Tó Ń Yọ Obì Lápò

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ tún un pè, kí ẹ fi etí sí i. Àpò ni à ń kó obì sí, apó ni ọlọ́fà ń kó ọfà sí. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni méjèèjì, ohùn ló yà wọ́n. Bí ohùn bá wálẹ̀, obì ló máa jáde. Bó bá lọ sókè, ọfà ni. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ló jẹ́ kí n máa ro òwe náà. Ọmọ aládùúgbò mi ni, ẹ̀yìnkùlé wọn ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Àkúrẹ́ níbí, lápá ọ̀nà Iléṣà ni mo ń gbé. Bí mo bá wà lórí náìtì, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí n tó délé, kí n wẹ̀, kí n fi nǹkan panu, aago mẹ́wàá ti ń lọ lù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru mọ̀ pé oorun ọ̀sán yàtọ̀ sí oorun òru. Òkùnkùn ni ara fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti sùn, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí èèyàn bá fi dandan sùn nígbà tí oòrùn ń ràn, oorun náà kì í jinlẹ̀, kì í sì í pẹ́. Ìró díẹ̀ báyìí, ó ti dá.

Tó bá wá di ìsinmi gbọgbọrọ, láti oṣù Keje wọ oṣù Kẹsàn-án, tí kò sí iléèwé, bí aago méjìlá bá ti ń lù, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbàà! Ó dákẹ́ díẹ̀. Gbàà! Géètì onírin tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ló fi ṣe pósì, irin náà á sì máa gbọ̀n rìrì bí awọ ìlù. Èyí tó ń dùn mí jù ni ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín méjì, torí inú rẹ̀ ni mo ti máa ń dúró de èyí tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gba tọmọ rò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwa àgbà fẹ́ràn ìdajì àkọ́kọ́ nínú òwe yìí, a sì máa ń gbàgbé ìdajì kejì. Òótọ́ ni pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò lè mọ ohun tí iṣẹ́ òru ń fi ojú èèyàn rí. Èmi náà wá ńkọ́? Ọwọ́ mi ò wọ kèrègbè tirẹ̀. Mi ò rántí mọ́ bí ọ̀sán ṣe ń gùn tó lójú ọmọ tí kò ríbi kankan lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tó ń mú ara gbóná, tó ń mú èémí yára, fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, ka eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 kà á mọ́ ọn bákan náà.

Níbo wá ni kí ọmọ ti ṣeré? Nígbà tí àwọn òbí wa wà lọ́mọdé, iwájú agboolé ni pápá, òṣùpá ni iná. Láti 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Òǹdó, ilé ló ń lé ilé. Púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ilé gba àárín rẹ̀, sókáwéè gba igun kan, kànga gba èkejì, fẹ́ǹsì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ohun tó ṣẹ́kù fún ọmọ ò ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró lọ. Ìta ńkọ́? Ọ̀kadà ló ń sáré níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ariwo rẹ̀ ń dà wá láàmú lẹ́yìnkùlé, ọmọ tí òbí rẹ̀ ò fẹ́ kí ọ̀kadà gbá ni. Ìgbà tí mo ro èyí dáadáa ni inú mi kọ́kọ́ rọ̀.

Mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lè dà. Níbi tí mo ti gbé tẹ́lẹ̀, bàbá kan wà tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ojúlé kejì máa ń bọ́ sínú ọgbà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó mú ọ̀bẹ, ó la bọ́ọ̀lù náà, ó sì jù ú padà láti orí fẹ́ǹsì. Felele ni, kò lówó lórí. Mo rí ọmọ tó ni ín bó ṣe fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wọlé lọ bí igbá tó fọ́. Kò sunkún. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òbí ọmọ àti bàbá yìí ò ti kí ara wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ nílé bàbá náà, gbogbo àdúgbò ló lọ, ojúlé kejì nìkan ni kò lọ. Nítorí bọ́ọ̀lù tí owó rẹ̀ ò tó ra búrẹ́dì ńlá kan! Èèyàn ò tún gbọdọ̀ na ọmọ ọlọ́mọ, ì báà jẹ́ ìfọ́tí kan péré. Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í bá a tọ́ ọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igba èèyàn yẹn ní láti jẹ́ ẹni tí òbí ọmọ ti mọ̀ dájú pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òwe yìí kan ẹni tí ariwo ń dà láàmú ju ẹni tó ń pa á lọ. Ọ̀pọ̀ wa máa ń dákẹ́, a ó sì pe ìdákẹ́ yẹn ní sùúrù. Ẹni tó dákẹ́ ṣùgbọ́n tó ń kà á sínú, lónìí ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, lánàá ẹ̀ẹ̀mẹfà ni, kò tíì ṣe sùúrù. Ó ń kó ọfà sínú apó ni. Lọ́jọ́ tó bá la ẹnu, gbogbo rẹ̀ ló máa jáde pọ̀, ìyá ọmọ tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ò sì ní mọ ibi tó ti wá. Ọ̀sẹ̀ kejì ìsinmi ni mo ti pinnu pé màá sọ ọ́.

Mo kọ́kọ́ yẹ ara mi wò ná. Láti ìgbà tí mo ti kó dé, kí ni mo ti bá Ìyá Ìbejì, ìyá ọmọ náà, sọ rí? Mo máa ń mi orí sí i láti inú kẹ̀kẹ́ ni, òun náà á juwọ́. Kò yẹ kí ẹjọ́ jẹ́ odindi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa bá a sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí i: ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú ọjà, àwọn ìbejì ńkọ́? Bí ẹnì kan bá ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, mi ò gbà. Gbèsè ni, ó sì ti pẹ́ tí mo ti jẹ ẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù ló ní nítòsí Ọjà Ọba. Mi ò lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ tó ti ọjà dé, tí ẹsẹ̀ ń ro ó. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni mo lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n ti jẹun. Mo mú bọ́ọ̀lù tó ti bọ́ sọ́dọ̀ mi ṣáájú ọjọ́ náà dání.

"Ẹ kú ìsinmi mà, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ."

"Háà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí o. Bọ́ọ̀lù ọmọ wa ni mo mú wá. Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín fún ìrànlọ́wọ́ kan. Tí mo bá ti náìtì dé, ọ̀sán ni mò ń sùn, géètì yín yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nídìí ìrọ̀rí mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a lè jọ wá nǹkan ṣe sí i?"

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ ni "ọmọ wa" yẹn. Ẹ fi "ọmọ yín yìí" rọ́pò rẹ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa dún. "Yín" ti fa ààlà, "yìí" ti na ìka. Ìyá tó bá gbọ́ ọ ti dìde dúró lọ́kàn kí o tó sọ ẹ̀sùn rárá, torí ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fẹ́kùn pa jẹ. Bí ẹ bá sọ ara yín di ẹkùn, ẹ má retí kí ìyá dá yín láre. Géètì ni mo dárúkọ, mi ò dárúkọ ìwà ọmọ. Mo ní "a lè jọ", torí mi ò fẹ́ gbé ẹrù náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀ kí n máa lọ.

Ó ní òun ò mọ̀ rárá, torí ọjà lòun máa ń wà, ó sì pariwo pe ọmọ náà. Bó ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti gòkè. Mo yára di ọwọ́ náà mú, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án torí tèmi." Bí wọ́n bá na ọmọ tìtorí mi, ojú wo ni yóò máa fi wò mí láti orí fẹ́ǹsì? Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ní ti ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀tún ni kó ṣáájú.

A jọ jáde lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Páànù irin tín-ín-rín ni géètì náà. Bọ́ọ̀lù tó bá gbá a, ṣe ló ń lu ìlù. Ògiri búlọ́ọ̀kù wà lódì kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi. Ó wúwo, kì í gbọ̀n. Mo ní kí ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn ká gbọ́. Púù ló dún, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ẹfun fa pósì síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fi ẹní àtijọ́ kan kọ́ géètì fún ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá ṣèèṣì yà síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni obì ti máa ń tètè jáde lápò. Àwọn òbí kan á gbé ohùn sókè kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ wá àgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún, kó bá yín dá sí i. Mi ò fara mọ́ kí èèyàn gbé e lọ sórí WhatsApp àwọn lándílọ́ọ̀dù, níbi tí ogójì ojú á ti kà á, tí ìyá ọmọ á sì wá fi ìjà bo ìtìjú. Àgọ́ ọlọ́pàá ńkọ́? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, fẹ́ǹsì kan náà lẹ sì máa padà wá bá. Àmọ́ tó bá jẹ́ òkúta ni ọmọ ń jù, tàbí rọ́bà tó fi ń ta ẹyẹ, tàbí iná ló fi ń ṣeré, ẹ má dúró de Sọ́ńdè. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kù. Náìtì mi kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀; bí róstà bá ṣe gbé e ló ń rí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló bi mí pé, "Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ pé ẹ ń sùn?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ó rán mi létí àrokò. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba ńlá wa máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu: bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹfà yẹn ń sọ pé ọkàn wọn fà sí ọ. Mo sọ èyí fún ọmọ náà, ojú rẹ̀ tàn. A fẹnu kò pé tí gèlè pupa mi bá wà lórí okùn aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, mo ń sùn. Tí mo bá ká a, kó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, títí kan géètì bó bá wù ú. Ó ní kí n má sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìbejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jí ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo wọ ilé ìdáná, mo gbàgbé gèlè sórí okùn. Aago márùn-ún ti ń lọ lù kí n tó jáde lọ da omi ẹ̀fọ́ nù. Mo wo òdì kejì. Ọmọ náà jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, bọ́ọ̀lù wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè sí gèlè náà. Ó rí mi. Ó dìde, ó wá fẹnu sí ihò búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì:

"Àǹtí, ṣé ẹ ti jí?"

Mo ju abọ́ sílẹ̀, mo sáré lọ ká gèlè náà.