Ọkọ̀ Tó Ń Rùn Bí Ohun Tó Ń Jó Lórí Òkè: Ẹ Má Tíì Di Ẹ̀bi Ru Wáyà

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló gbà pé bí ọkọ̀ tó ru ẹrù bá ń gun òkè, tí òórùn ìjóná sì gba inú rẹ̀ kan, wáyà ló ń jó. Kíá ni wọ́n á ti ránṣẹ́ pe rìwáyà. Òun náà á tú dáṣíbọ́ọ̀dù, á gé wáyà mélòó kan, á fi téèpù dúdú so wọ́n pọ̀, á sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ náà bá tún kó iṣu gba òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè kọjá, òórùn náà á tún dé. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù wáyà kò jẹ̀bi, nítorí iná wáyà lè sun odidi ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí a wo ibi tó yẹ kí a wò.

Ìbéèrè tó yẹ kí ó ṣáájú ni pé kí ni ẹrù ń ṣe sí ọkọ̀. Ẹrù a máa mú kí ẹ́ńjìnnì lo agbára púpọ̀ sí i kí táyà tó lè yí, agbára yìí sì gbọ́dọ̀ gba inú kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, àti jíà fúnra rẹ̀ kọjá. A máa mú kí sàlẹ́ńsà gbóná ju bó ti máa ń gbóná lọ. A sì máa fi kún iṣẹ́ bíréèkì. Iná iwájú, fèrè àti rédíò kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣófo tàbí ó kún. Iye iná tí wọ́n ń fà lórí òkè náà ni wọ́n ń fà ní ilẹ̀ títẹ́. Bí òórùn bá wá jẹ́ èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹrù bá wà nìkan ló ń jáde, ohun tí ẹrù ń ni lára ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Nínú ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ pa jíà rẹ̀ dà, kílọ́ọ̀ṣì ló sábà máa ń jẹ̀bi. Àwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì pinpin kí agbára tó lè kọjá sí jíà. Bí ó bá ti jẹ tán, á máa yọ̀ nígbà tí ẹrù bá wúwo, ìyọ̀ náà á di ooru, ooru á sì máa sun àwo náà díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi máa rùn bí ìwé tí iná ń jẹ. Àmì rẹ̀ kò fara sin: ohùn ẹ́ńjìnnì á ròkè, ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ kò ní pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lè wá ojú ọ̀nà títẹ́ tí kò sí ọkọ̀, kí ó fi sí jíà kẹrin nígbà tí eré kò tíì pọ̀, kí ó wá tẹ tọ́tù dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tó bá pariwo láìjẹ́ pé ọkọ̀ tẹ̀ lé e ti sọ tẹnu rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé nígbà mìíràn, àwo kílọ́ọ̀ṣì ṣì dára, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni kò dára: ẹni tó ń fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí òkè Mọ́kọ́lá, nígbà tí háńdì-bíréèkì wà níbẹ̀, ń fi owó ara rẹ̀ dáná ni. Ní ti ọkọ̀ tó ń pa jíà dà fúnra rẹ̀, ọ́ìlì jíà ni kí a fà wò. Bí ó bá ti dúdú tó sì ń rùn, ọ̀ràn ti dé ibẹ̀.

Òórùn bíréèkì jọ ti kílọ́ọ̀ṣì gan-an, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló máa ń le jù. Ó tún lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ táyà kan ṣoṣo ni bíréèkì rẹ̀ há. Ẹ dúró, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láì fi kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ ni ọ̀daràn. Ẹ má ṣe da omi tútù lé e lórí, nítorí irin tó gbóná lè sán. Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni ti òróró bíréèkì: irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti fa omi láti ọjọ́ pípẹ́ lè hó ní nǹkan bí 140°C, pẹ́dàlì á sì wọlé láìsí bíréèkì. Jíà kejì ni kí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọ́ìlì tó ń jò láti ara gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ẹ́ńjìnnì sórí irin sàlẹ́ńsà a máa rùn bí òróró tó jóná, èéfín díẹ̀ á sì máa yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òórùn tó dùn, omi rédíétọ̀ tí a pò mọ́ kúláǹtì ló ń jò.

Wáyà tó ń jó ní tirẹ̀ a máa rùn bí ọ̀rá tàbí ike tó ń yọ́. Kì í dúró de òkè: ó lè rùn nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, fíúùsì lè já, iná lè máa ṣẹ́jú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa ọkọ̀ kí ẹ sì yọ orí bátìrì. Síbẹ̀, àwọn wáyà kan wà tí ẹrù ń kàn lóòótọ́: ti fáànù rédíétọ̀ tó ń fi iná ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó gbóná kì í jẹ́ kí ó sinmi, àti èyí tó bá fara kan sàlẹ́ńsà. Bí rìwáyà bá wá dé, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó fi dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ ná.