Àpò Ọ̀rá Mọ́kànlá Lẹ́yìn Ilé Mi

Lọ́jọ́ ọjà wa kan láìpẹ́ yìí, àwọn kan tún wá láti Òṣogbo, wọ́n gbé garawa onídérí mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà ọjà: ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n ní kí a máa da èèpo oúnjẹ sí àkọ́kọ́, ọ̀rá àti ike sí èkejì, agolo àti ìgò sí ẹ̀kẹta. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé, garawa búlúù ti wà ní ìsọ̀ obìnrin kan tí ó ń ta fùfú, omi ni ó ń pọn sínú rẹ̀. Èmi kò bá a wí. Ó kúkú rí ohun tí garawa náà lè ṣe, èyí tí àwọn tí wọ́n gbé e wá kò rí.

Ohun tí ó bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi gbohùngbohùn sọ, pé àwa ará ìlú kéékèèké ni a kò mọ bí a ti ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀. Àwa kẹ̀? Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ jẹ́ ti ewúrẹ́, eérú ààrò jẹ́ ti ṣáláńgá, ìgò ọtí di ìgò epo tàbí ìgò ẹ̀pà, agolo mílíìkì sì di ohun tí màmá wa fi ń wọn ìrẹsì tà. Ẹni tí kò bá mú ìgò òfìfo dání kò lè gbé mínírà kúrò ní ìsọ̀ àfi tí ó bá fi owó ìgò sílẹ̀. Àwọn ọmọ Òkè Ọya tí wọ́n ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin àlòkù ṣì ń kọjá níwájú ilé mi títí di òní. Ohun tí ó kù tí a ń dà sí ààtàn kò ju ewé àti ilẹ̀ gbígbá lọ, ẹ̀bá ààtàn náà ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wa sì ti ń hù jù. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ọ̀rá nìkan ni mo rí tí ààtàn kọ̀, nítorí pé bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lónìí, ọ̀rá omi tí ẹnì kan mu ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ẹ óò bá níbẹ̀, ti orúkọ ti àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sí i lára.

Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni pé mo gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí.

Láti oṣù kejì ọdún yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá omi jọ. Ogún ni ó wà nínú àpò omi kan, ẹ sì mọ iye àpò tí wọ́n ń tú níbi ìkómọ kan ṣoṣo, kí a má tíì sọ ti òkú àgbà. Mo bẹ ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ mọ́ṣáláṣí, mo bẹ àwọn tí ń ṣe àríyá, wọ́n sì gbà láti má dáná sun ún mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń bá mi kó o, mo ń fi bisikíìtì tù wọ́n nínú, ìyàwó mi sì ń sá a lórí okùn bí ẹni ń sá aṣọ. Nígbà tí oṣù kẹfà fi parí, àpò ìrẹsì mọ́kànlá ti kún fọ́fọ́. Mo pe ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tí ó ń rà á fún àwọn tí ń yọ́ ọ padà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, tọ́ọ̀nù mélòó ni?" Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n oníkòkó. Kìlò mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni ó jẹ́.

Ọkùnrin náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọkọ̀ òun kì í kúrò ní Ìbàdàn fún ohun tí kò bá tó tọ́ọ̀nù méjì, nítorí owó epo, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e wá, òun yóò rà á. Mo lọ sí gáréèjì. Owó tí awakọ̀ bu fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ọ̀rá náà máa pa. Ẹ má bínú sí awakọ̀: ọ̀rá kò wúwo, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè èrò, àfi bí ẹ̀rọ kan bá wà tí yóò tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ó ki, ẹ̀rọ náà kò sì sí nítòsí wa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó wà ní London fi fídíò ìlú Kamikatsu ní Japan ránṣẹ́ sí mi, níbi tí àwọn ènìyàn tí wọn kò tó ẹgbẹ̀rún méjì ti ń ya ìdọ̀tí sí ọ̀nà tí ó lé ní ogójì, tí wọ́n sì ti ń bá a bọ̀ láti ọdún 2003 pé àwọn fẹ́ kí ìdọ̀tí tán pátápátá nílùú àwọn. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó ń gba ohun tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ahéré onípáànù kan fún wa, tí ọkọ̀ kan sì ń yípo ìlú mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bó pẹ́ bó yá, a óò kún tọ́ọ̀nù méjì náà. Kò gba garawa aláràbarà.

Nígbà tí mo rí i pé títà kò ṣeé ṣe, mo ronú pé ó sàn kí ọ̀rá má tilẹ̀ wọlé. Ìjọba Èkó kúkú fòfin de abọ́ fóòmù ní oṣù kìíní ọdún 2024. Mo tọ ìyá tí ń ta mọ́ínmọ́ín lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà sí ewé. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni o máa já a?" Ó ní igbó tí àwọn ti ń já ewé eéran tẹ́lẹ̀ ti di oko kaṣú àti ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì, pé àwọn tí ń já a ti darúgbó, pé òun ní láti nu ewé kọ̀ọ̀kan kí òun tó pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí oníbàárà kò sì ní fi kọ́bọ̀ kún owó. Ó wá fi èyí kún un: "Àwọn tí wọ́n sọ pé ti ewé ni ó dùn jù, inú ọ̀rá ni wọ́n ń ní kí n bá wọn kó o sí lọ sílé."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rántí odò Ògùnpa, tí ó kún ní Ìbàdàn ní ọdún 1980 tí ó sì kó ẹ̀mí lọ. Ìdọ̀tí wà lára ohun tí ó dí i nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni omi inú ọ̀rá kò tíì dé. Bóyá ààtàn ilé wa kò mọ́ tó bí mo ti ń rántí rẹ̀.

Àpò mọ́kànlá ṣì wà lẹ́yìn ilé mi. Eku ti lu méjì. Lálẹ́ àná, aládùúgbò mi yọjú láti orí fẹ́ǹsì, ó ní ṣé kí òun bá mi ṣáná sí wọn kí ejò má baà sá sábẹ́ wọn. Mo ní kí ó ṣe sùúrù. Ó ní sùúrù di ìgbà wo, n kò sì lè dá a lóhùn.