Èsì wa sí ẹni tó fún ìbọn eré wa ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ ṣé o, ọ̀gá onífíìmù. A ti rí ohun tí ẹ kọ.

Ẹ ní ìbọn eré tí ẹ gbà lọ́dọ̀ wa ní ₦65,000, èyí tí a gbẹ́ bíi Marlin Camp 9 ti Amẹ́ríkà, kò tó owó rẹ̀. Ẹ ní ó jọ ìbọn ọdẹ, kò bani lẹ́rù, ó gùn jù, ó pẹ́ kó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, igi ìdí rẹ̀ sán lójú eré, àwọ̀ ọsàn tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì ba àwòrán yín jẹ́. Èyí tí ẹ fi pa mọ́ pọ̀ ju èyí tí ẹ kọ lọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi kún un, kí ẹni tó ń bọ̀ wá ra ọjà lè gbọ́ tẹnu tiwa náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣíwájú. Bí ẹ ṣe kọ "ìbọn" lásán, tí ẹ kò fi "eré" tì í, ó ti kó wa sí wàhálà. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń pè mí lálẹ́, wọ́n ń béèrè iye tí ọta jẹ́. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí n bá òun gbé e wá sí Ìkìrun lóru, òun á fi owó dúró dè mí. Ẹ gbọ́ o, ará Òṣogbo àti gbogbo ayé: igi la ń gbẹ́. Igi àfárá, páìpù irin, páànù, àtè àti ọ̀dà. Páìpù náà dí pa nínú, kò sí ibi tí ọta máa gbà. Ìbọn ìléwọ́ gidi wà lára ohun tí òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 kà léèwọ̀. Ṣakabùlà ọwọ́ bàbá ọdẹ pàápàá, ìwé àṣẹ ló ń gbà. Ẹni tó bá ń wá gidi, kó má yà sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Àlékúwodò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ wa dà?

Ọjọ́ 4 oṣù kejì ni ẹ dé ṣọ́ọ̀bù. Orí bẹ́ǹṣì ìta lẹ jókòó sí, ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ló dá yín lóhùn, ìyàwó mi ló kọ risíìtì, èmi náà wà nínú ilé tí mò ń fi fáìlì rin irin. Ẹ ní eré yín dá lórí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó lọ ń dáko ní Amẹ́ríkà ní 1988, tí olè wá ká a mọ́lé. Ẹ wá na fóònù sí wa. Ìbọn dúdú, oníke látòkè délẹ̀, tí wọ́n de tọ́ọ̀ṣì mọ́ lábẹ́. Ruger PC Carbine ni, ìbọn èjìká tí ilé iṣẹ́ Ruger ní Amẹ́ríkà ń ṣe. Ọmọ iṣẹ́ mi sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pé ìparí 2017 ni ìyẹn jáde. Ruger tó ṣíwájú rẹ̀, PC9, 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà wo ni èyíkéyìí nínú wọn fẹ́ gbà dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní 1988, àfi bí ó bá ní egbé tó ń gbéni fo ọdún?

Àwa la ní kí ẹ ṣe Marlin Camp 9. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa ni, àwa náà la ó sì tún sọ ọ́ fún ẹlòmíì lọ́la. 1985 ni Marlin gbé e jáde, 1999 ni wọ́n dá a dúró. Ìbọn tí wọ́n ń gbé sí èjìká yìn ni, àmọ́ ọta ìbọn ìléwọ́ ló ń jẹ, ti mílímítà 9. Mágasíìnì, ilé tí wọ́n ń to ọta sí, ti ìbọn ìléwọ́ Smith & Wesson ló ń wọ abẹ́ rẹ̀; àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ Camp 45, ti ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní 1911 ló ń gbà. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ará ọ̀hún fẹ́ràn rẹ̀: ẹni tó ti ní ìbọn ìléwọ́ nílé kò ní máa ra ọta oríṣi méjì. Ọgbọ́n àtijọ́ sì ni. Ìbọn èjìká Winchester ti 1873 ń jẹ ọta tí wọ́n ń pè ní .44-40, nígbà tó yá, Colt ṣe ìbọn ìléwọ́ tó ń jẹ ọta yẹn gan-an, ẹni tó ń gun ẹṣin káàkiri pápá wá ń ru ọta ẹyọ oríṣi kan. A rò ó fún yín pátá. Ẹ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá." Etí mi gbọ́ ọ.

Ẹ wá ní ó jọ ìbọn ọdẹ. Kí ló yẹ kó jọ? Ti gidi pàápàá, igi ni ìdí rẹ̀, àgbẹ̀ àti ẹni tó ń pàgọ́ sínú igbó ni wọ́n ṣe é fún. Bí àlejò bá rí i lára ògiri, kò ní kọ́kọ́ kà á sí. Ẹ̀yìn ìgbà tí onílé bá gbé e ni ẹ̀rù máa tó bà á. Dáírẹ́kítọ̀ tó mọṣẹ́ á rí ohun tó máa fi ìyẹn ṣe. Ẹ̀yin fẹ́ kí ìbọn bá yín ṣe iṣẹ́ òṣèré.

Ti gígùn: íńṣì 16 ààbọ̀ ni ọ̀pá ti gidi, iye yẹn náà la gé tiwa sí. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ọ̀pá irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kúrú ju íńṣì 16 lọ, àfi tí olówó rẹ̀ bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ ní ká gé e kù sí mẹ́wàá, a kọ̀. Àgbẹ̀ yín ì bá ti wà lẹ́wọ̀n kí olè tó dé.

Igi tó sán yẹn ló dùn mí jù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni a ti kìlọ̀. Ibi tí igi ti tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn irin ni, kó tó wá fẹ̀ lọ sí èjìká. Ti gidi náà máa ń sán níbẹ̀. Nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ti irin ẹ̀yìn ọta pa nígbà tí wọ́n bá yìn ín. Ìwúwo irin náà àti sípíríǹgì nìkan ló ń dá a dúró. Ike kékeré kan ló wà lẹ́yìn tó ń gba agbára yẹn. Bí ike bá gbó, á rún bí bisikíìtì, irin á máa gbá irin, igi á sì gba ìyókù. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń bi mí bóyá àlòkù Camp 9 tó owó, ẹ ní kí wọ́n tú u lójú yín. Ẹ wo ike, ẹ wo igi ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ike, tí wọ́n fi sípíríǹgì tó le sí i, tí igi kò sì sán, ọjà gidi ni. Bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí ẹ tú u, ẹ máa lọ.

Tiwa kò ní ike nínú, kò sì yìn rí. Kí ló wá sán an? Ọjọ́ 27 oṣù kejì, ẹ̀yin fúnra yín gbé fídíò sí WhatsApp. Òṣèré yín tó síngbọnlẹ̀ ń fi ìdí ìbọn wa gbá géètì irin, ẹ̀rín yín sì ń dún lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìyàwó mi fi bírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ risíìtì: "Ẹ má fi lu nǹkan." Ẹ fọwọ́ sí i. A ní ká bá yín ṣe oníròbà fún ibi tí ẹ ti máa gbá nǹkan, ₦20,000 péré, ẹ ní a fẹ́ jẹ yín lówó.

Àwọ̀ ọsàn kì í ṣe ọ̀dà. Ìdérí ni, ó ń yọ. Kámẹ́rà bá dé, ẹ yọ ọ́. Kámẹ́rà bá lọ, ẹ fi padà, ẹ kó ìbọn sínú àpò tí a fún yín, ẹ mú lẹ́tà wa dání. Ọlọ́pàá tó dúró sójú ọ̀nà Iléṣà kò ní béèrè bóyá àfárá ni kó tó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Pé ó pẹ́? Ọjọ́ 12 ni àsansílẹ̀ wọlé. A kì í bẹ́ igi kí owó tó dé.

Ẹ kò sọ̀rọ̀ mágasíìnì rẹ̀ rárá. Páànù ni ọmọ iṣẹ́ mi kékeré fi ṣe é, ó gé e, ó ká a, ó fi òòlù lù ú títí tó fi ń wọlé tó ń ró "pá", tó sì ń bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Irin náà gé e lọ́wọ́, ó ń fi ẹnu lá ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ. Mo rí i nínú fídíò yín pé ẹ yà á lóríṣiríṣi ọ̀nà.

Ẹni tó bá ń ṣe eré ológun, kó má ra Camp 9, a ní AK onígi. Ẹni tó bá ń ṣe ogun Kírìjì, owó ẹ̀ máa ṣòfò pátápátá. Eré tó bá kan àgbẹ̀ tàbí onílé ní Amẹ́ríkà láàárín 1985 sí ìsinsìnyí, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù wa.

Ẹ gbé e wá. A ó fi àtè àti èèkàn igi dì í, a ó tún un kùn, a kò ní gba kọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ ni tiyín. Kí ẹ dé kí aago mẹ́rin tó lù, kó má sì jẹ́ Sátidé, a ní ìnáwó. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, n ó dá ₦25,000 padà fún yín nínú ₦50,000 tí ẹ san. Oníbàárà kan láti Ẹdẹ ti ní òun máa gbé e tòun ti sísán rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ₦50,000. ₦15,000 ṣì wà lọ́rùn yín, risíìtì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Mo rí póstà eré yín ní Ọláìyá lánàá. Ìbọn tí kò bani lẹ́rù ló wà láàárín, ẹ jẹ́ kó tóbi ju orí òṣèré lọ.