Ẹnu ta ni ká fi gé e?

Ṣómólú ni mo ti ń to ìwé fún títẹ̀. Èmi ni mo to ìwé ọjọ́ìbí ìyá kan tó pé ọmọ 60 ọdún. Physiotherapist ni Màmá. Àyè ẹ̀gbẹ́ fọ́tò wọn há, ọ̀rọ̀ gígùn yẹn ò gba orí ìlà kan, ni mo bá fọwọ́ ara mi gé e, mo fi háífìn sí i. Nígbà tí a ti tẹ̀ ẹ́ tán ni ọmọ wọn pè mí: "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ìwé kẹta. Kí lẹ kọ nípa ìyá mi yìí?" Mo wò ó. Physiothe- ló parí ìlà òkè. Rapist, ìyẹn afipábánilòpọ̀, ló bẹ̀rẹ̀ ti ìsàlẹ̀. Àpò mi ni owó àtúntẹ̀ ti jáde.

Etí Yorùbá ló gé ọ̀rọ̀ yẹn. Lédè tiwa, kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù: i-lé, bú-rẹ́-dì, à-gbà-la-gbà. Fáwẹ̀lì ló ń parí ẹ̀, àfi n tàbí m tó bá dá dúró, bíi ti pa-ń-la. Ọmọ tó bá ti lè pàtẹ́wọ́ sí i ti mọ̀ ọ́n gé nìyẹn. Òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀. Ther-a-pist ni díkíṣọ́nárì gé e, torí pé fáwẹ̀lì kúkurú tí wọ́n bá tẹ ohùn mọ́ sábà máa ń fa kọ́ńsónáǹtì ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ra. Record tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, rec-ord ni. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, re-cord. Lẹ́tà kan náà o!

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi sí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ kọ lem-on, tíṣà fa igi pupa sí i, ó ní le-mon ni. Ọmọ ló gbà á. Tíṣà ní kí wọ́n máa gé e bí wọ́n ṣe ń pè é, àmọ́ ẹnu ta ni?

Àwọn tó ni èdè gan-an ò fẹnu kò. Ní 1783, Noah Webster, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwé sípẹ́lì, ta ko àwọn tó ń gé cluster sí clu-ster, ó ní clus-ter letí ń gbọ́. Amẹ́ríkà ṣì ń tẹ̀lé etí, wọ́n ń gé knowl-edge. Àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa wo bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, wọ́n ń gé know-ledge.

Kọ̀ǹpútà pàápàá mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. Frank Liang gboyè ọ̀mọ̀wé lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa gé ọ̀rọ̀, ní yunifásítì Stanford ní 1983. Àpẹẹrẹ lẹ́tà 4,447 ló kó jọ fún TeX, ẹ̀rọ ìtòwé tí Donald Knuth ṣe, síbẹ̀ nǹkan bíi 89 nínú 100 ibi tó yẹ ká gé ló ń rí. Ọ̀rọ̀ 14 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ pé àpẹẹrẹ yẹn ò gbọ́dọ̀ kàn. Present àti project wà níbẹ̀: TeX kì í gé wọn rárá, torí kò mọ èyí tí o ní lọ́kàn.

Ti Yorùbá ló tún wá burú jù. Bí èèyàn bá fi ẹ̀rọ sórí Gẹ̀ẹ́sì tó wá ń to Yorùbá, ó lè la gb sí méjì. Mo ti rí àg-bàlagbà nínú ìwé ìsìnkú rí.

Ní tèmi, mo ti pa gígé ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ mi. Etí ìlà lápá ọ̀tún ò dọ́gba mọ́. Kó má dọ́gba.