Ọgbọ́n Ọdún Yìí, Wèrè Ẹ̀míì: Ẹ Yé Bú Ọ̀gákọ̀ Pike

Àríyànjiyàn yìí ti sú ni. Kí ẹnìkan sáà ti dárúkọ “A Quality of Mercy”, ìpín kẹwàá tó kádìí sáà kìíní Star Trek: Strange New Worlds, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn ọkọ̀ tó ń rin ojú ọ̀run, lọ́dún 2022, ìjà dé nìyẹn. Àwọn kan á ní ojo ni Christopher Pike, ọ̀gákọ̀ Enterprise, pé ká ní Kirk, ẹni tó gba ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n fi ọkọ̀ lé lọ́wọ́ ni, nǹkan ì bá má rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kejì á mi orí bí àgbà, wọ́n á ní àyànmọ́ ò gbóògùn, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó ná. Àwọn tó ṣáájú wa ti sọ pé ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pe ènìyàn ní ọlọ́gbọ́n lésìí, òun náà ni wọ́n tún ń torí rẹ̀ wá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ fún un lámọ́dún.

Ká tún ìtàn náà sọ, nítorí àwọn tó ń jà láì wo eré. Pike, tí Anson Mount ń ṣe, mọ ọjọ́ tí ayé òun máa dojú rú. Nínú sáà kejì Star Trek: Discovery, lọ́dún 2019, ó lọ sí Boreth, ibùgbé àwọn mọ́ńkì Klingon, ẹ̀yà kan láti ayé mìíràn, láti mú òkúta ìgbà kan. Òkúta náà fi ọjọ́ iwájú hàn án: ìjàǹbá nínú ọkọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìtànṣán delta, ara tó jóná, àti àga tí yóò máa gbé e kiri. Ẹni tó ti wo “The Menagerie” ti ọdún 1966 mọ àga náà. Ọkùnrin inú rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Iná ara àga ló fi ń dáhùn, ẹ̀ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Pike mọ gbogbo èyí, ó gbà á mọ́ra, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àfi ọjọ́ tó bá Maat Al-Salah pàdé, ọmọdékùnrin kan tí yóò di akẹ́kọ̀ọ́ ológun lọ́la, tí yóò sì wà lára àwọn tí Pike kò ní lè gbà là lọ́jọ́ ìjàǹbá yẹn. Ìyẹn ló gún un lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ìkìlọ̀. Lẹ́tà ò tíì parí tí Pike mìíràn fi wọlé dé láti ọjọ́ iwájú, àgbàlagbà, nínú aṣọ ọ̀gágun àgbà, tó ní kó má fi ránṣẹ́. Ó fún un ní òkúta Klingon mú dání, ọ̀gákọ̀ wa sì bá ara rẹ̀ ní ọdún méje sí i, ara le koko, Enterprise ṣì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ó ń so ọkùnrin kan àti obìnrin kan pọ̀ ní tọkọtaya.

Ibi ìgbéyàwó yẹn ló yẹ kí àyà ẹni tó mọ eré yìí ti já. Ìgbéyàwó “Balance of Terror” ni, èyí tó jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1966, Kirk ló sì dúró níbi tí Pike dúró sí yìí. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ọkọ̀ kan ti àwọn Romulan, ọ̀tá Federation, sọdá ààlà tí ìhà méjèèjì ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọdá, ó ń fọ́ ibùdó ìṣọ́ Federation, ìjọba àpapọ̀ tí Enterprise ń sìn, níkọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ náà ní àféèrí, ojú ò tó o. Ṣùgbọ́n àféèrí yẹn ń jẹ agbára púpọ̀, kò sì lè wà nínú rẹ̀ kó tún yìnbọn. Ó gbọ́dọ̀ fara hàn kó tó lè jà. Ohun ìjà rẹ̀ burú, àmọ́ bó ṣe ń rìn jìnnà ni agbára rẹ̀ ń tán, ìdí rèé tí Kirk fi sáré padà sẹ́yìn tó sì yè é. Epo ọkọ̀ náà sì ti ń lọ sópin. Gbogbo àléébù yìí ni Kirk fi ṣọdẹ rẹ̀. Ó tọpa rẹ̀, ó pa ohun gbogbo lọ́lọ́ nínú ọkọ̀, ó díbọ́n bí ẹni tó ti kú, ó jẹ́ kí ọ̀tá fara hàn kó lè wá pa òun, igbákejì rẹ̀ Spock sì yìnbọn. Balógun Romulan, tí Mark Lenard ṣe, kọ̀ láti di ẹrú, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Nínú Enterprise, ẹnìkan péré ló kú, Robert Tomlinson, ọkọ ìyàwó. Ogun ò bẹ́.

Pike wá ńkọ́? Ọkọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà. Kirk wà níbẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ mìíràn, Farragut, ló ń darí, Paul Wesley ló sì ṣe é. Kirk ní kí wọ́n kọlu ọ̀tá kó tó délé. Pike kò fẹ́ dá ogun sílẹ̀. Farragut fọ́, àwọn tó kù nínú rẹ̀ bọ́ sínú Enterprise, Pike sì pe balógun Romulan náà sí ọ̀rọ̀: kí wọ́n dá ìjà dúró fún wákàtí méjì. Balógun náà gbà, torí ogun ti sú òun pàápàá. Ẹ sọ fún mi, kí ló burú nínú ìyẹn? Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé ẹni tó tọ́ ni Pike ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó tọ́ náà kọ́ ló sì láṣẹ. Ọmọ iṣẹ́ balógun náà ti kẹ́yìn sí ọ̀gá rẹ̀, ó ti ránṣẹ́ pe ilé. Wákàtí méjì tí Pike fi tọrọ àlàáfíà ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Romulan fi rìn dé. Praetor, olórí wọn, kà á sí àìlágbára pé àwọn èèyàn yìí ń bẹ̀bẹ̀ dípò kí wọ́n jà. Ó kọ́kọ́ pa balógun tirẹ̀, ó kéde ogun. Kirk ti lọ kó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ awakùsà tí kò sẹ́nì kankan nínú wọn wá láti fi dẹ́rù bà wọ́n, ẹnikẹ́ni ò mì. Enterprise sá àsálà, ó sì gbé Spock, ọ̀rẹ́ Pike, tó ti jóná, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti lọ, sálọ.

Àwọn ọlọ́rọ̀ ojo, ẹ padà sí ìpín kìíní sáà yẹn kan náà. Lórí ayé kan tó ń jẹ́ Kiley 279, ìhà méjì ń múra àtipa ara wọn run pẹ̀lú bọ́m̀bù tí wọ́n kọ́ ṣe láti ara ìmọ̀ tí wọ́n jí wò lára ìjà ọkọ̀ Federation. Kí ni Pike ṣe? Ó gbé Enterprise sọ̀ kalẹ̀ sí ojú ọ̀run wọn kí gbogbo ayé rí i, ó sì sọ ìtàn ogun tí ọmọ aráyé fi ba ilé ara wọn jẹ́. Ó rú òfin kìíní Starfleet, ẹgbẹ́ ọkọ̀ Federation, tó ní kí wọ́n má dá sí ọ̀rọ̀ ayé mìíràn. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀. Ìpín kìíní, ẹ pàtẹ́wọ́. Ìpín kẹwàá, ẹnu kan náà, àánú kan náà, ẹ ń pè é ní òmùgọ̀. Ọkùnrin náà kò yí padà. Ìgbà ló yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Lórí Kiley, àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ní àṣẹ lórí bọ́m̀bù ara wọn, ọkọ̀ rẹ̀ sì ga ju gbogbo ohun tí wọ́n ní lọ. Ní ààlà Romulan, kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bí ẹ bá sì rò pé ẹni tó ń jà ló máa ń borí, ẹ wo “Yesterday’s Enterprise”, ìpín kẹẹ̀ẹ́dógún sáà kẹta The Next Generation, ọdún 1990. Níbẹ̀ ni ìgbà ti yà kúrò lọ́nà nítorí ọkọ̀ kan tó sọnù. Enterprise-C, tí Rachel Garrett ń darí (Tricia O’Neil ló ṣe é), lọ gbèjà ibùdó Klingon ní Narendra III lọ́dún 2344 lọ́wọ́ àwọn Romulan. Ìjà náà ya ihò sínú ìgbà, ọkọ̀ náà sì já sí ọdún 2366. Nítorí pé kò sí níbẹ̀ láti kú, kò sẹ́ni tó rí i pé Federation lè kú fún Klingon, ogun sì bẹ́ láàrin wọn. Picard, ọ̀gákọ̀ Enterprise ọdún 2366, tó wà ní ìgbà yẹn kì í kọ ìwé ìrìn àjò mọ́, ìwé ogun ló ń kọ. Akíkanjú ni gbogbo wọn, wọ́n ń jà lójoojúmọ́, Guinan, ọ̀rẹ́ Picard, sì sọ fún un pé ogójì bílíọ̀nù ẹ̀mí ló ti lọ. Picard fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún Garrett pé oṣù mẹ́fà ló kù kí Federation tẹ́. Kí ló gbà wọ́n? Ọkọ̀ kan tó padà lọ sí ìjà tí kò lè borí. Garrett gbà láti lọ, ó kú kó tó lọ, Richard Castillo ló gbé ọkọ̀ náà padà. Ìjà tí wọ́n mọ̀ pé ikú ni ló bí àlàáfíà. Pike nawọ́ àlàáfíà, ogun ló bá a. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ òfin kan tó máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọ̀gákọ̀, níbo lẹ ti fẹ́ rí i?

Mo ń gbọ́ tí ẹnìkan ń dárúkọ Lorca, ọ̀gákọ̀ inú Discovery. Lorca kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ yìí. Ayé dígí ló ti wá, ayé tí ìkà jẹ́ ìwà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí a kọ́kọ́ rí nínú “Mirror, Mirror” lọ́dún 1967. Gabriel Lorca jẹ́ ẹlòmíràn tó wọ orúkọ ọkùnrin mìíràn. Pike ti ìgbà kejì àti Picard ti ogun, àwọn fúnra wọn ni. Bí àwọn tó ṣe eré 1990 ṣe ṣe é rèé: wọ́n dín iná yàrá ìdarí kù, wọ́n so ìbọn mọ́ ìgbàdí gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n yọ Worf, ọmọ Klingon inú ọkọ̀ Picard, torí Klingon ò lè jókòó síbẹ̀ nígbà ogun, wọ́n yọ Troi, agbaninímọ̀ràn ọkọ̀, wọ́n sọ ọ̀dọ́ Wesley Crusher di ọ̀gá gidi, wọ́n dá Tasha Yar, olórí ààbò ọkọ̀, padà torí ikú tó pa á lọ́dún 1988 kò rí i pa níbẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan ọkàn Picard. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn irú èyí fúnra yín, ohun kan ni kí ẹ yí, kí ẹ wá jẹ́ kí ìyókù tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá yí ìwà ọ̀gákọ̀ mọ́ ọn, ìtàn yín ti di ti Lorca, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tí ìgbà ṣe sí i.

Ó kan ẹ̀yin aláyànmọ́. Bí a bá ń gé igi nígbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ẹ̀yin ò fi ro ara yín, ẹ kàn ń fi òwe ti ilẹ̀kùn. Àyànmọ́ Pike gbóògùn! Ó lo oògùn náà, ó sì jẹ́: ọdún méje gbáko ni ara rẹ̀ fi le. Àgbà Pike ti lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì Boreth, ó sì sọ ọ́ kedere pé gbogbo ọ̀nà tí òun fi bọ́, orí Spock ló ń já lé. Oògùn wà, owó oògùn ló wà lọ́rùn ẹlòmíràn. Ẹ fi Kathryn Janeway, ọ̀gákọ̀ Voyager, ti “Endgame”, ọdún 2001, wé e. Ọdún 23 ló gba Voyager kó tó délé ní ìgbà àkọ́kọ́, Seven, òṣìṣẹ́ rẹ̀, kú lọ́nà, orí Tuvok, òṣìṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, dàrú. Janeway tó ti di ọ̀gágun àgbà padà sẹ́yìn nínú ìgbà wá yí i. Ó gbé àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó jẹ́ kí ayaba Borg, àwọn ọ̀tá wọn, gbé òun mì, ó kú síbẹ̀. Ara tirẹ̀ ló fi san án. Ìyàtọ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé kádàrá fẹ́ràn obìnrin náà ju ọkùnrin yìí lọ. Pike tó pa lẹ́tà rẹ́ nígbà tó rí Spock ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yan àga yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ sì ń pè é ní ẹni tí kádàrá tì lulẹ̀. Ẹ ti gba ohun tó ṣe jù lọ láyé lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó tún la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ wo ti 1966, kí ẹ wo ti 2022 tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà, torí ẹni tí kò rí ti Kirk kò lè mọ ohun tí Pike pàdánù. Bí ẹ bá wo méjèèjì tán tí ẹ ṣì ń pe ọkùnrin yẹn ní ojo, ẹ sọ fún wa ohun tí ẹ̀yin ì bá fi wákàtí méjì yẹn ṣe, kí ẹ sì tò ó: ta lẹ máa bá sọ̀rọ̀, kí lẹ máa fi dá ọmọ iṣẹ́ balógun yẹn lẹ́kun kó má ránṣẹ́ pe ilé, ọkọ̀ mélòó ló kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn Farragut. Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn kan péré kó gbé ẹnu rẹ̀ kúrò lára Pike.