Ẹ Fi Adìẹ Funfun Sílẹ̀

Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ìyẹ́ rẹ̀ funfun bí ewú, síbẹ̀ òun àti òròmọdìẹ ló jọ ń du àgbàdo. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Èyí tí kò yé mi ni ìgbà tó di òkò tí a ń jù lu ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tó sì tún ní nǹkan tó ń lé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níwájú oníwèé ìròyìn kan ní Sápọ́n, l’Abẹ́òkúta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi fídíò kan han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Obìnrin kan sáré tete, ó fẹsẹ̀ tẹ pákó, ó fọwọ́ ti tábìlì gíga kan, ó takìtì lófuurufú, ó sì fẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Wọ́n ní ó ti pé àádọ́ta ọdún. Ni ọmọ náà bá ní, “Màmá yìí ò lọ gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n! Adìẹ funfun ò mọ ara ẹ̀ lágbà.” Ẹ̀rín sọ. Bàbá kan tó wà níbẹ̀, tó yẹ kó bá wọn wí, òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Inú bí mi débi pé mo sanwó ìwé ìròyìn, mo gbàgbé láti mú un.

Oksana Chusovitina, eléré òkìtì títa (gymnastics), lẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Ìlú Bukhara ní Uzbekistan ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1975. Lọ́dún 1991, nígbà tí ìyá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín kò tí ì rí ọkọ fẹ́, ó ti gba wúrà òkìtì orí ilẹ̀ ní ìdíje àgbáyé ní Indianapolis, lábẹ́ àsíá Sófíẹ́ẹ̀tì tí Uzbekistan wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún 1992 òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Barcelona. Láti ìgbà náà, kò sí Òlíḿpíìkì kan tí wọn ò rí i níbẹ̀ títí dé ti Tokyo lọ́dún 2021. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ nìyẹn.

Lọ́dún 2002, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú ọmọkùnrin rẹ̀, Alisher, tó ṣì jẹ́ ọmọ kékeré. Ìtọ́jú wà ní Jámánì, owó ni kò sí. Ó kó ọmọ àti ọkọ lọ sí Cologne, àwọn ẹlẹ́yinjú àánú dáwó fún un, òun náà sì ń fi owó tó ń jẹ níbi eré kún un. Òkìtì tí ẹ̀ ń wò yẹn, owó oògùn ló jẹ́ nígbà kan. Lọ́dún 2008 ní Beijing, ó gba fàdákà fún Jámánì nínú eré fífò lórí tábìlì. Ọmọ ọdún 33 ni nígbà náà, nínú eré tí ọ̀pọ̀ ti ń fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó pé 25.

Ara ọmọ yá. Ó yẹ kí ìyá wá jókòó, àbí? Kò jókòó. Ó fẹ́ràn eré náà ni, ìyẹn nìkan sì tó. Ní Tokyo ó dágbére, ó sunkún, wọ́n dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Kò pẹ́ tó fi padà. Ó ń lé Paris 2024 lọ nígbà tó fara pa, tí kò fi lè dé ibẹ̀. Los Angeles 2028 ló tún ń sọ báyìí.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó ń pa òwe adìẹ funfun ò rántí èyí. Ìṣubú ni àkísà obìnrin yìí. Ní Rio lọ́dún 2016, lọ́mọ ọdún 41, ó dán òkìtì iwájú ẹlẹ́ẹ̀mejì wò, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń sá fún nítorí ọrùn wọn. Ó balẹ̀, ó yí gbirigbiri, ipò keje ló ṣe. Simone Biles, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba wúrà lọ́jọ́ náà, wọn ò tí ì bí i nígbà tí màmá yìí gba ti Barcelona. Ẹ sì wo ọgbọ́n àgbà: nígbà tó yá, ó dín àwọn eré yòókù kù, ó gbájú mọ́ fífò lórí tábìlì, tí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ń parí.

Ẹnìkan á ní ó ń dí ọmọdé lọ́nà. Ọ̀nà wo? Kò sí àga níbẹ̀ tí èèyàn ń jókòó lé. Ojoojúmọ́ ló ń fò, adájọ́ ń ka máàkì, bí kò bá tó, a sọ fún un pé kò tó. Àwọn alága ẹgbẹ́ tó ń jókòó pa wá mọ́lẹ̀ láìfò nǹkan kan, a kì í pe àwọn yẹn ní adìẹ funfun. Bàbá là ń pè wọ́n.

Àwa ọmọ Ẹ̀gbá ló sì yẹ kó mọ̀ jù. Ọdún 1900 ni wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ó ti lé ní 45 nígbà tó kó àwọn obìnrin ọjà lọ síwájú ààfin Aláké nítorí owó orí, tí ọba fi kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1949. Ká ní ó gbọ́rọ̀ sí àwọn tó ní kó lọ jókòó ńkọ́?

Obìnrin aládìrẹ kan ní Ìtòkú, dókítà ní kó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń rìn, ìrìn di eré, ara ń yá. Àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá ọkọ tuntun ló ń wá. Ojú tì í, ó jáwọ́. Oògùn ló padà sí. Inú àwọn tó lé e wálé dùn.

Yẹ̀yẹ́ yìí kan náà ló sọ wá di òpùrọ́ níbi bọ́ọ̀lù. Chusovitina ń kọ 1975 síwájú orúkọ rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Tiwa ńkọ́? Ọmọ ọdún 23 ń jẹ́ ọmọ ọdún 17, irùngbọ̀n ń yọ, a ń fá a. Lọ́dún 2009, tí ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tí ì pé ọdún 17 wáyé nílẹ̀ wa, ẹ̀rọ ni FIFA fi wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹnu kò tó. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá wọn lọ búra ọjọ́ orí èké nílé ẹjọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ pé tó bá ti pé 22, ayé rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ má fi òwe bojú. Ẹ lọ fa ìwé yẹn ya, kí ẹ kọ ọdún tí ẹ bí ọmọ náà gan-an síbẹ̀.